Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Yọ Níbi Àyẹ̀wò Ọrùn Ilé Ọmọ

Nọ́ọ̀sì fa búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó fi ń wá àmì jẹjẹrẹ lọ́rùn ilé ọmọ jáde, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Àyà á já. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha jáde kì í sábà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń wá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: èyí tó ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, èyí tó ń yọ láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì, àti èyí tó yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ṣe yín, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gun ibùsùn, torí ó lè yí gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín padà.

Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ń kàn

Ọrùn ilé ọmọ ni ìsàlẹ̀ ilé ọmọ tó tín-ín-rín, tó yọ sínú ojú ara, tó sì ní ihò kékeré láàárín. Ihò yẹn ni nǹkan oṣù ń gbà jáde. Ẹ fi ètè yín wò ó: awọ ìta ètè nípọn, ti inú pupa, ó tutù, bí eyín bá sì họ ọ́ lásán, ó ti ṣẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ilé ọmọ rí. Ìpele sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ló bo ìta rẹ̀. Inú ihò jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́rẹ́. Ibi tí awọ méjèèjì ti pàdé ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ dé. Nọ́ọ̀sì tó bá ń sá fún ẹ̀jẹ̀ débi pé kò jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ dáadáa, àyẹ̀wò tí kò wúlò ló ṣe. Búrọ́ọ̀ṣì náà kì í wọ inú ilé ọmọ lọ, kì í sì í já nǹkan kan níbẹ̀. Kò lè sọ obìnrin di àgàn.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń mú wá ò sì dọ́gba. Nínú páàpù símíà, igi pẹlẹbẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ha sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó rí bí ìgbálẹ̀ kékeré, ìgbà márùn-ún ni wọ́n ń yí i sí ọ̀nà kan náà. Èyí tó tín-ín-rín tó ń wọ inú ihò ò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìyípo lọ. Bí wọ́n bá ń yí i ní àyíká-yíká, ẹ̀jẹ̀ ló máa gbé jáde dípò sẹ́ẹ̀lì.

Àyẹ̀wò HPV ń wá fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ yìí. Nọ́ọ̀sì lè fi búrọ́ọ̀ṣì gbà á, obìnrin náà sì lè fi ọ̀pá olówùú tí wọ́n bá fún un gbà á fúnra rẹ̀ nínú ojú ara. Ẹ̀jẹ̀ kì í sábà yọ nínú èyí tí ẹ bá gbà fúnra yín, torí kò dandan kó kan ọrùn ilé ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni ti fínígà, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní VIA. Wọ́n á rẹ òwú sínú omi ásíìdì fínígà tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 sí 5 nínú 100, wọ́n á fi kan ọrùn náà, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á wá wò ó bóyá ibì kan funfun. Kò sí hìhá nínú èyí rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ tó yọ nígbà tí òwú lásán kàn án fi yẹ fún àkíyèsí ju ẹ̀jẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì lọ.

Ohun tó ń mú un ṣẹ̀jẹ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe àìsàn. Lára ọ̀dọ́bìnrin, aboyún, àti ẹni tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, awọ pupa inú ihò máa ń tú síta, á sì bo apá kan ọrùn náà. Àwọn kan ṣì ń kọ ọ́ sí káàdì pé "erosion", ọ̀rọ̀ tó ń dún létí bí egbò. Kì í ṣe egbò, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ. Bí kò bá yọ yín lẹ́nu, kò nílò ìtọ́jú kankan.

Àkóràn ló tún kàn. Kilamídíà, àtọ̀sí àti tirikomónáàsì máa ń mú ọrùn náà wú, kó pọ́n, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá fọwọ́ bà á. Omi tó ń rùn tàbí tó ní àwọ̀ ewéko tàbí yẹ́lò lè máa bá a rìn, àti ìrora nígbà tí ẹ bá ń tọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin púpọ̀ ló ní in tí kò rí àmì kankan. Oògùn wà fún gbogbo wọn. Tọkọtaya ló gbọ́dọ̀ jọ lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á kàn máa kó o fún ara wọn ni.

Ẹran rọ̀bọ̀tọ̀ kékeré lè rọ̀ láti inú ihò náà, dókítà á yí i já, á sì fi ránṣẹ́ sí láàbù. Púpọ̀ nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀ ò léwu. Fáíbírọ́ọ̀dì, kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ, náà lè yọ orí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, awọ ibẹ̀ á gbẹ, á fẹ́lẹ́, irin tí wọ́n fi ń la ojú ara fún àyẹ̀wò nìkan sì tó láti họ ọ́. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, clopidogrel tàbí aspirin, á mú kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Ẹ má ṣe dá oògùn bẹ́ẹ̀ dúró fúnra yín nítorí àyẹ̀wò. Ẹ kàn dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Ẹ tún sọ ọ́ bí imú yín bá máa ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ ò bá tètè dá nígbà tí wọ́n yọ eyín yín.

Jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Tó bá ti dàgbà tó láti ṣẹ̀jẹ̀, ojú sábà máa ń rí i: ẹran tó hu síta láìdọ́gba, tó ń rún bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, nígbà mìíràn pẹ̀lú òórùn. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ tó bá rí irú èyí ò ní sọ pé kí ẹ lọ dúró de èsì páàpù símíà. Ó máa fi yín ránṣẹ́ sí dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ àti ẹran tó ti kú lè bo sẹ́ẹ̀lì búburú mọ́lẹ̀, kí páàpù símíà sì jáde bíi pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo omi odò

Ohun kan wà tí ìwé ìlera láti ìlú òyìnbó kì í sábà kọ, tó sì kan Abẹ́òkúta gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí dáàmù Ọ̀yán nítòsí ìlú náà ní 1983, omi rẹ̀ tí kì í sáré ti di ibùgbé fún àwọn ìgbín kéékèèké tó ń gbé aràn àtọ̀sí ajá. Àwọn ará Àpójọlà, Ìbàrò àti Abúlé Títun tó wà létí dáàmù náà kò nílò ẹni tó máa sọ fún wọn pé ìtọ̀ ọmọdé lè pupa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹyin aràn náà kì í dúró sí àpò ìtọ̀ nìkan. Nínú obìnrin, ó lè há sínú ọrùn ilé ọmọ, kó mú ojú ibẹ̀ rí bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá ti kàn án. Wọ́n lè rò pé àìsàn ìbálòpọ̀ ni, kí wọ́n máa kọ oògùn lórí oògùn, kí ọkọ sì máa fura sí ìyàwó tí kò ṣe nǹkan kan. Àtọ̀sí àti àtọ̀sí ajá jọ ń jẹ́ orúkọ ni, wọn ò jọ ní orísun: ìbálòpọ̀ ni ti àkọ́kọ́, omi odò ni ti èkejì.

Nítorí náà, bí ẹ bá dàgbà sí etí Ọ̀yán, tàbí tí ẹ ń fọṣọ, tí ẹ ń wẹ̀, tí ẹ ń pẹja nínú rẹ̀ tàbí nínú odò Ògùn, ẹ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì lè máà béèrè. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò, ìtọ̀ tí ẹ tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, torí àsìkò yẹn ni ẹyin aràn pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá rí ẹyin nínú ìtọ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí lọ́rùn ilé ọmọ. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ìwúwo ara ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n: mílígíráàmù 40 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó wọn kílò 60 á lo 2400, ìyẹn hóró mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 600, lẹ́yìn oúnjẹ. Oògùn náà ń pa aràn. Ẹyin tó ti há sínú ẹran kì í kúrò bọ̀rọ̀, torí náà ẹ̀jẹ̀ lè máà dá kíá. Ẹni tó bá sì padà sínú omi kan náà lè tún kó o.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ ka ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ kìíní. Láti ọjọ́ kẹwàá sí ogúnjọ́ ni àsìkò tó dára jù. Fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ìbálòpọ̀ má wáyé, kí ẹ má fi oògùn kankan sí ojú ara, kí ẹ má sì fọ inú rẹ̀. Ọṣẹ, álọ́ọ̀mù, omi àgbo, gbogbo wọn ló ń ha awọ ibẹ̀, tí wọ́n sì ń fọ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ wò lọ. Lẹ́yìn ìbímọ, ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá.

Bí àlejò oṣù bá dé lójijì tó sì ń ya, ẹ yí ọjọ́ padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe nǹkan oṣù kì í ṣe ìdí láti yí ọjọ́ padà; òun gan-an ló yẹ kó mú yín lọ. Àṣìṣe tó ń pa ènìyàn nìyí: kí obìnrin máa dúró kí ẹ̀jẹ̀ náà dá kó tó lọ ṣàyẹ̀wò.

Ẹ mú páàdì méjì dání, ìró kan láti fi bora, àti ìwé tí ẹ kọ ọjọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn àti orúkọ oògùn yín sí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ kò nílò láti gùn: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, òní ló di ọjọ́ kẹrìnlá tí mo rí nǹkan oṣù. Ẹ̀jẹ̀ máa ń kán díẹ̀ tí èmi àti bàbá wọn bá jọ wà. Ó ti tó oṣù méjì." Bí ẹ bá rò pé oyún lè wà, ẹ sọ ọ́ ṣáájú ohun gbogbo, torí kò yẹ kí wọ́n ti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín yẹn bọ inú ihò ọrùn ilé ọmọ aboyún.

Lórí ibùsùn

Irin tàbí ike tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, spẹ́kúlọ́ọ̀mù, ni wọ́n fi ń la ojú ara kí wọ́n lè rí ọrùn náà. Kékeré wà, ńlá wà. Ẹni tí kò tíì bímọ àti ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró lè ní kí wọ́n lo kékeré, kí wọ́n sì fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́. Bí ẹ bá fún itan pọ̀, iṣan á le, irin náà á sì họ yín. Ẹ rọra máa mí síta láti ẹnu nígbà tó bá ń wọlé. Bó bá dùn yín jù, ẹ ní "ẹ dúró ná". Nọ́ọ̀sì gidi á dúró.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, wọ́n á fi òwú tàbí gọ́ọ̀sì tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì dá. Bó bá ṣorí kunkun, oògùn wà tí wọ́n lè fi kàn án. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì jù: "Níbo lẹ̀jẹ̀ yẹn ti wá?" Bóyá ara ògiri ojú ara tí irin họ ni, bóyá ọrùn ilé ọmọ ni, bóyá inú ihò ló ti ń ṣàn wá látòkè, ìdáhùn mẹ́ta yìí ò jọra. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bí ọrùn náà ṣe rí lójú, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù láàbù pé ẹ̀jẹ̀ yọ nígbà tí wọ́n kàn án. Ẹni tó ń wo sẹ́ẹ̀lì ní láàbù ò rí yín. Ohun tí wọ́n kọ nìkan ló rí. Ẹ gba ọjọ́ èsì kí ẹ tó kúrò.

Nílé

Ẹ̀jẹ̀ tó kán sára páàdì, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó rí bí àwọ̀ obì, tó sì dá láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kò léwu. Ẹ lè lọ sí Ìtòkú tàbí Kútọ̀ kí ẹ máa ta ọjà yín. Kí ìbálòpọ̀ dúró títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kí ẹ má sì ki òwú tàbí àkísà sínú ojú ara, torí á jẹ́ kí ẹ má mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, á sì tún kó àkóràn bá yín. Bí inú bá ń run yín, parasitamọ́ọ̀lù hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 tó. Kì í ṣe aspirin.

Páàdì ni òṣùwọ̀n yín. Ẹ kọ aago tí ẹ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí páàdì kan bá rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tí èkejì sì tún rin ní wákàtí tó tẹ̀ lé e, ẹ má dúró di òwúrọ̀. Bákan náà ni bí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá bá ń jáde, bí ojú bá ń ṣú yín, bí ara bá gbóná pẹ̀lú ìrora ìsàlẹ̀ ikùn, tàbí bí aboyún bá ṣẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ni kí ẹ forí lé, bíi Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, ní Abẹ́òkúta. Kí ẹnì kan bá yín lọ, kì í sì í ṣe lórí ọ̀kadà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó kọjá ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ti ìsáré òru, ṣùgbọ́n ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò náà.

Ẹni tí wọ́n bá gé ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè máa kán fún bí ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sì lè máa jáde. Oògùn tí wọ́n fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èsì bá dé

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àyẹ̀wò náà kò ṣe é kà, kì í ṣe ìròyìn burúkú. Ẹ̀jẹ̀ ló bo sẹ́ẹ̀lì, tàbí kí sẹ́ẹ̀lì má tó. Wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́rin. Bí àkóràn bá wà, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kì í sábà ba àyẹ̀wò HPV jẹ́.

Bí HPV bá wà níbẹ̀, ìyẹn kọ́ ni jẹjẹrẹ. Oríṣi 16 àti 18 ló wà nídìí bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20 kí jẹjẹrẹ tó ti inú rẹ̀ jáde, ọdún 5 sí 10 bí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà bá ti dínkù. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé fi ní kí obìnrin tó ní kòkòrò HIV bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò HPV láti ọdún 25, kó máa ṣe é lọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí àwọn yòókù ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 30, lọ́dún márùn-ún sí mẹ́wàá.

Èsì tó dára ló máa ń tan èèyàn jù. Àyẹ̀wò yìí wà fún obìnrin tí nǹkan kan ò ṣe. Bí èsì bá ní kò séwu, tí ẹ̀jẹ̀ sì tún ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ padà lọ, kí dókítà fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ọrùn náà. Ní ti ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró láti ọdún márùn-ún, tó wá rí ẹ̀jẹ̀ lára pátá, páàpù símíà tó mọ́ ò lè dá a lóhùn, torí kò rí inú ilé ọmọ. Síkáànì ni kí ìyá béèrè fún, bí dókítà bá sì ní ó yẹ, kí wọ́n gba ẹran díẹ̀ láti inú ilé ọmọ gan-an.